Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀sanyìn: Ìtàn Eegun Títò ní Ìbàdàn



Ní ọ̀sẹ̀ Ifá tí a ṣe kẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fi igi há abíyá rìn wá sáàárín wa bi mí ní ìbéèrè kan: “Bàbá, kí ni Ifá sọ nípa ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́?” Ilé kún lọ́jọ́ náà, mo sì dá a lóhùn ní ṣókí láti inú ohun tí Òtúrúpọ̀n Méjì ń sọ nípa àrùn. Ó dúpẹ́, ó jókòó. Ṣùgbọ́n èsì náà kò tẹ́ èmi tí mo fún un lọ́rùn, nítorí pé ẹsẹ̀ òsì tèmi ti ṣẹ́ rí. Ọ̀nà Bódè ni ó ti ṣẹ́, kò jìnnà sí ibi tí àwọn lẹ́kúlẹ́jà ń pàtẹ ewé àti egbò sí, ó sì kù díẹ̀ kí n pàdánù rẹ̀ pátápátá. Èsì tí ó yẹ kí n fún un ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí. Yóò gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa jọ mọ̀. Nígbà tí Awo bá ń ka àwọn ajogun, mẹ́jọ ni wọ́n máa ń kà: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. A ti kà wọ́n títí ahọ́n fi mọ̀ wọ́n ju ọkàn lọ. Mẹ́ta nínú wọn ni ó ń bá ẹran ara jà nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Àrùn ni èyí tí ń wọ inú ara, tí ó sì ń ti inú jẹ ẹ́. Ẹ̀gbà ni èyí tí ń gba apá àti ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣì ń mí. Èṣe ni ti òde, èyí tí a ń bá pàdé lójú ọ̀nà, lórí ọ̀pẹ, lẹ́nu àdá; òun náà ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ wa nígbà tí a bá ní ẹnì kan ṣèṣe. Mo mọ̀ pé àwọn Awo kan ń fi Èṣe ṣe orúkọ àpapọ̀ fún gbogbo ìyọnu yòókù tí a kò dárúkọ. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n etí tèmi kò yé gbọ́ ìfarapa nínú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí yọ ni pé àwọn tí ó kọ́kọ́ to orúkọ wọ̀nyí kò kó ẹni tí ibà ń ṣe pọ̀ mọ́ ẹni tí ó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ. Àrùn wà nínú ilé nígbà tí a dé, a ó sì lé e jáde. Èṣe ti kọjá lọ kí a tó dé. Ìbàjẹ́ tí ó ṣe ni ó kù sílẹ̀, iṣẹ́ àtúnṣe sì ni ó kan. Ọ̀rọ̀ àrùn ni mo sọ fún ọmọkùnrin náà, èṣe ni ó sì wá bi mí.

Ẹ wá wo ẹni tí a fi ìwòsàn lé lọ́wọ́. Ọ̀sanyìn, ẹni tí ó ni ewé, ojú kan ni ó ní, apá kan, ẹsẹ̀ kan, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. Bí ó ṣe dà bẹ́ẹ̀, ìtàn kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ilé ni ó wó lù ú, àwọn mìíràn ní ìjà ni ó fà á. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba gbé e dání gẹ́gẹ́ bí ó ti rí. Lọ́hùn-ún títí di òní, Osain tí wọ́n ń bọ ní ojú kan, apá kan àti ẹsẹ̀ kan.

Nínú àwọn ìtàn rẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìgbà tí ó wà lábẹ́ Ọ̀rúnmìlà, tí Ọ̀rúnmìlà sì rán an lọ ro oko. Ó gbé ọkọ́ débẹ̀, ilẹ̀ ṣú bá a, kò ro poro kan. Nígbà tí Ọ̀rúnmìlà bi í léèrè, ó ní òun kò rí koríko kankan tí òun lè gé dànù: èyí ń wo ibà, èyí ń wo orí fífọ́, èyí ń wo inú rírun. Ọ̀rúnmìlà kò bínú. Ó mú un kúrò lóko, ó mú un sún mọ́ ara rẹ̀, ó sì ń kọ́ ewé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn akéwì wa fẹ́ràn láti fi ìtàn yìí yin ewé. Ohun mìíràn ni ó ń pè mí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ gbogbo ewé kò rí ewé kan tí yóò dá ẹsẹ̀ kejì padà fún un. Àwọn tí ó ń pa ìtàn náà láti ìran dé ìran ìbá ti wò ó sàn ká ní wọ́n fẹ́. Wọn kò wò ó sàn. Wọ́n fi í sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, wọ́n sì fi gbogbo ìwòsàn ayé lé e lọ́wọ́. Ọbàtálá náà, ẹ ò rí i pé arọ, abuké àti àfín ni à ń pè ní ẹni òrìṣà? Ẹ fi èyí sọ́kàn. N ó padà bá a.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ ìlú. Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí, àgọ́ ogun ni ó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá dó sí àyíká ibi tí Ọjà'ba àti Mápó wà lónìí, wọn kò sì kúrò mọ́. Ní 1840 wọ́n ṣẹ́gun àwọn Fúlàní ní Òṣogbo. Láti 1860 sí 1862 wọ́n bá Ìjàyè jà títí Ìjàyè fi tú. Láti 1877 títí di 1893 wọ́n wà lẹ́nu ogun Kírìjì pẹ̀lú àwọn Èkìtìparapọ̀, ogun tí a fi ìró ìbọn rẹ̀ sọ lórúkọ. Ní ogun yẹn, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn ìgbàlódé gbà láti Èkó, èyí tí a ń ki ọta rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ọta rẹ̀ sì lágbára ju ti ṣakabùlà lọ. Eegun tí irú ọta bẹ́ẹ̀ bá bá, fífọ́ ni ó ń fọ́.

Àwọn òpìtàn wa ka orúkọ àwọn balógun fún wa, wọ́n sì ka iye ọdún tí ogun fi wà. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ti àwọn tí a gbé padà wálé lórí ẹní. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó jagun fún ọdún mẹ́rìndínlógún léraléra, tí kò bá ní ẹni tí ó lè to eegun, ta ni ìbá ti roko rẹ̀? Ta ni ìbá ti padà sójú ogun? Èmi gbà pé Ògún ni ó kọ́ Ìbàdàn ní eegun títò, Ògún kan náà tí ó ṣẹ́ eegun náà.

Inú ìdílé ni iṣẹ́ náà ń gbé. Bàbá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń bá bàbá di ẹsẹ̀ mú nígbà tí wọ́n bá ń fà á, títí ọwọ́ ọmọ náà yóò fi mọ ibi tí eegun ti yẹ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú rí i. Wọ́n á fi òrí tàbí ọ̀rá erè pa ibẹ̀, wọ́n á to eegun náà pa dà sí ààyè rẹ̀, wọ́n á fi pẹlẹbẹ ọparun yí i ká, wọ́n á sì fi aṣọ dì í. Àwọn mìíràn ń sín gbẹ́rẹ́, àwọn mìíràn ń pe ọfọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ kan lọ́jọ́ tí aláìsàn dé, wọ́n á tò ó, wọ́n á dì í bí wọ́n ṣe di ti ènìyàn. Ọjọ́ tí adìyẹ náà bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rìn ni wọ́n ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti tú ti ènìyàn.

Àwọn olóyìnbó ń fi adìyẹ yìí rẹ́rìn-ín. Èmi kò fi í rẹ́rìn-ín. Níbi tí kò sí àwòrán eegun, ẹni tí ó wá ohun tí ojú lè rí láti fi mọ ohun tí ojú kò lè rí ti ń ronú. Àbùkù rẹ̀ wà níbòmíràn: ẹsẹ̀ adìyẹ fúyẹ́, kì í gbé ẹrù, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó sì ń so. Eegun ojúgun àgbàlagbà lè gbà tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ adìyẹ tú ẹsẹ̀ ènìyàn lè tú u kí ó tó yá. Ní 1980, Oyèbọ́lá, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan lórí àwọn Yorùbá tí ń to eegun sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn abẹ kan. Àkọlé rẹ̀ ń sọ nípa eegun títò ní ibi tí ọ̀làjú kò tíì dé. Àkọlé yẹn kì í dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó jókòó ti àwọn bàbá náà, tí ó wo ohun tí wọ́n ń ṣe, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi fúnra mi, ọmọ Òkè-Àdó ni mí, apá Ìmàlèfàlàáfíà. (Àdúgbò tí àlàáfíà wà nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀kadà kò jẹ́ kí ó rímú mí!) Pápá ìṣeré Liberty tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ní 1960, tí a ń fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè báyìí, ni a fi ṣe àgbàlá nígbà èwe wa. Bàbá mi wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger, ọmọ Ìgbò, gbé àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé rẹ̀ wálé láti fi bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ja ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìtàn náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè búra pé mo wà níbẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ń sọ bí ẹ̀ṣẹ́ Tiger ṣe ń bà. Bàbá mi kì í sọ ìyẹn. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé lẹ́yìn ìpele keje, àwọn tí ń tọ́jú Fullmer wo ojú rẹ̀, wọ́n wo bí ó ṣe jókòó, wọ́n sì ní ó tó. Kò dìde fún ìpele kẹjọ. “Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó dá a dúró,” ni bàbá mi máa ń wí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ ọ́ lára.

Ọdún 2008 ni ọ̀kadà tí mo gùn yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Bódè lẹ́yìn òjò. Mo gbọ́ ìró eegun ojúgun mi kí n tó mọ ìrora rẹ̀. Kò dá awọ lu jáde. Àwọn ará ọjà gbé mi lọ sí agboolé àwọn tí ń to eegun lẹ́yìn Ọjà'ba, agboolé tí gbogbo ìdílé wa ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá tí ó ni iṣẹ́ náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ni ó tò mí, ó sì dì mí. Ọwọ́ ọmọ náà mọ eegun, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó di ọparun náà le.

Ní òru àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n fara dà á, pé eegun ní ń ké. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi wú, ó tutù. Ìyàwó mi fi èékánná fà á ní àtẹ́lẹsẹ̀, n kò mọ̀. Ó sọ fún ọmọ bàbá, ọmọ bàbá ní ọkùnrin ni mí. Ní òru yẹn, bàbá àgbàlagbà jáde láti lọ tọ̀, ó gbọ́ bí mo ṣe ń kérora. Ó wọlé, ó gbé fìtílà sún mọ́ mi. Kò wo ibi tí a dì rárá. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ni ó wò. Ó tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi títí ó fi funfun, ó fi ọwọ́ sílẹ̀, ó ń wò bóyá pupa yóò padà. Kò padà.

“Ta ni ó di èyí?”

Kò dúró gba èsì. Ọ̀bẹ tí ó fi ń gé obì ni ó fi já okùn náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ọparun sì ń já bọ́ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sáré wọlé, ó ní, “Bàbá, eegun náà yóò yẹ̀ o!” Bàbá kò gbójú sókè. Ó ní, “Jẹ́ kí ó yẹ̀. Eegun lè dúró de ọ̀la. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ fún ìyàwó mi pé kí ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yàwòrán rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí tí wọ́n jẹ́ oníṣẹ̀ṣe bí èmi ní bí a bá gbé mi lọ, a ti tàbùkù Ògún, a ti tàbùkù Ọ̀sanyìn. Wọ́n ní òyìnbó yóò gé ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó jẹ́ babaláwo, ni wọ́n lọ pè wá. Ó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ kalẹ̀. Odù tí ó jáde, ọ̀rọ̀ ilé ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ó kì í, ó wo ibò, ó ní kí a rú àkùkọ kan àti iṣu, kí ọkọ̀ sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí a tó parí ẹbọ. Ẹnì kan bi í pé ṣé Ifá ni ó ní kí a lọ sọ́dọ̀ òyìnbó? Ó ní, “Ifá ni à ń bi. Ẹni tí ó bá ti mọ èsì kí ó tó bèèrè, kí ni ó ń wá lọ́dọ̀ mi?”

Dókítà tí ó gbà mí wo ẹsẹ̀ náà, ó bi wá léèrè ìgbà tí a tú u. Ó ní ká ní a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta ni, gígé ni ì bá gé e. Irú èyí pọ̀ nínú ìwé àwọn oníṣègùn wa láti ọjọ́ pípẹ́: apá tàbí ẹsẹ̀ tí ìbá so, tí ó kú nítorí pé a di ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pa. Wọ́n la ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àti ìdè mú eegun náà pọ̀. Àwọn ẹbí tún ní èèwọ̀ ni irin nínú ara. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Irin! Lójú ẹ̀yin olóògùn! Ta ni ẹ rò pé ó wọ inú ẹsẹ̀ ọmọ yìí lọ dì í mú?”

Bí mo bá dúró níhìn-ín, ìtàn náà yóò rọrùn: ilé ìwòsàn borí, agboolé jẹ̀bi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn náà fún mi ní igi abíyá méjì, wọ́n ní kí n má fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé kí n máa ká orúnkún. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí n máa mi ọrùn ẹsẹ̀. Mo jókòó lórí àga bí ọba fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí àwòrán fi hàn pé eegun ti so, ẹsẹ̀ mi ti rù bí igi àgbàdo, orúnkún mi kò sì ká ju bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn kí ológbò lè gbà á kọjá.

Mo lọ kí bàbá lẹ́yìn Ọjà'ba láti dúpẹ́. Ó ní kí n rìn. Mo rìn. Ó mi orí. “Eegun rẹ so,” ni ó wí, “ẹsẹ̀ rẹ kò tíì so.”

Gbólóhùn yẹn ni ó kọ́ mi ní ohun tí àwọn bàbá wọ̀nyí mọ̀ jù. A máa ń yìn wọ́n nítorí eegun títò. Èmi rí i pé ohun tí ó ń tẹ̀lé e ni ọgbọ́n wọn gan-an. Láràárọ̀ ni ó ní kí wọ́n pọn omi gbígbóná sínú agbada, kí n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ títí yóò fi rọ̀, kí n sì máa ká orúnkún nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi òrí wọ́ itan àti ẹ̀yìn ojúgun mi, yóò yẹra fún ibi tí irin wà. Lẹ́yìn náà, rírìn: láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àmù, láti ìdí àmù dé ẹ̀yìnkùlé, kí n gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àbáwọlé nígbà mẹ́wàá. Tí mo bá ráhùn, yóò ní, “Adìyẹ kì í ráhùn.”

Ní àkókò kan náà, ọ̀rẹ́ kan mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó kọ́ ìmọ̀ físíò. Ohun tí ó ní kí n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, àfi pé ó ń ka iye rẹ̀, ó sì ń fi nǹkan wọn bí orúnkún ṣe ká tó. Dípò àbáwọlé, ó ní kí n gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo sọ ti bàbá fún un, mo rò pé yóò bínú. Ó mú ìwé. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ fún mi.” Ó ní kí n bá òun kí bàbá, kí n sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tẹ ojú àpá náà le. Bàbá ní kí n kí i, pé ọmọ náà gbọ́n.

Láti ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn iṣẹ́ tirẹ̀, mo sì lọ wá ìyókù kà. Ní 1894, ọdún kan lẹ́yìn tí àgọ́ Kírìjì tú ká, àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní London fún àwọn obìnrin tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwọ́ ara aláìsàn. Láti inú ẹgbẹ́ yẹn ni físíò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde. Wíwọ́ ara! Ohun tí bàbá ń fi òrí ṣe. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni ó sọ iṣẹ́ náà di ńlá, nítorí pé àwọn ọmọ ogun tí apá àti ẹsẹ̀ wọn bàjẹ́ kún inú ìlú. Ogun àgbáyé kejì ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí àwọn ọmọ wa tí a kó lọ jà ní Burma ń padà bọ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́, ibùdó kan wà ní Ìgbóbì, ní Èkó, tí a fi ń tún ara wọn ṣe. Ní 1945 ó di ilé ìwòsàn eegun. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ físíò ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, a ṣí ilé ìwòsàn UCH ní 1957, ní 1966 sì ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ènìyàn gba oyè nínú ìmọ̀ náà. Àgọ́ ogun ni ó bí ti agboolé ẹ̀yìn Ọjà'ba, àgọ́ ogun ni ó bí ti Ìgbóbì. Ọmọ Ògún ni àwọn méjèèjì, wọn kàn kò tètè mọ ara wọn ni.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbà kò pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ fò ó. Níbi tí mo ti ń lọ káká láti ká orúnkún, ọ̀pọ̀ àwọn tí mo bá lórí àga kò ṣubú rárá. Rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣáájú rẹ̀ wọlé lára ọ̀pọ̀ wọn, láìkan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún, ẹ máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ yín rìn. Àwọn baba wa tí ń fi ẹsẹ̀ lọ oko lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé ìtọ́jú ni àwọn ń ṣe. Bí ẹnu ẹnì kan bá wọ́ lójijì, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ di kátikàti lẹ́nu rẹ̀, ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, wákàtí sì ni kí ẹ máa kà. A lè rú ẹbọ nígbà tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Èṣù kì í kọ ẹbọ nítorí pé a gbé aláìsàn lọ ṣáájú rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi tí o bi mí léèrè, èsì mi nìyí. Bí wọ́n bá dì ọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ ni kí o máa bi léèrè, ní òwúrọ̀ àti ní òru. Bí ó bá tutù, bí ó bá dúdú, bí o kò bá mọ̀ ọ́n lára, tàbí bí ìrora bá ń le sí i dípò kí ó máa dín, kí wọ́n já okùn náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Eegun tí ó bá dá awọ lu jáde, kò ní iṣẹ́ kankan nínú agboolé ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá sì ní eegun ti so, bèèrè lọ́wọ́ wọn pé ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí kò bá ní èsì fún ìyẹn, wá ẹlòmíràn kún un. Ó sì lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà kò ní padà sí bí ó ṣe wà. Tèmi kò padà. Rántí ẹni tí a fi ewé lé lọ́wọ́, kí o sì rántí iye ẹsẹ̀ tí ó ní.

Bàbá ẹ̀yìn Ọjà'ba papò dà ní 2014. A sin ín gẹ́gẹ́ bí olóògùn ti ń lọ. Nígbà tí àwọn onílù bàtá dé, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí gbogbo àwọn tí bàbá ti tọ́jú rí jáde sójú agbo. A pọ̀, ẹlòmíràn fi ọwọ́ jó, ẹlòmíràn fi ọ̀pá jó. Nígbà tí ó kàn mí, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo gbé ti òsì. Orúnkún òsì kì í ká dé ibi tí ti ọ̀tún ń ká dé. Onílù náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú bẹ́ẹ̀.